Tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀yà ara nǹkan kan ti wà tẹ́lẹ̀, ṣé ẹni tó tò wọ́n pọ̀ lè gba pátẹ́ǹtì lé e?

Ọjọ́ kejì Kérésì ọdún 2023 ni òfin dí ọ̀nà fún àwọn aago Apple tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ láti má wọ Amẹ́ríkà mọ́, torí ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Masimo ní Apple lo pátẹ́ǹtì òun láìgba àṣẹ. Àwọn tó ní aago yẹn lọ́wọ́ àti àwa tí a ò ní in la jọ ń bi ara wa pé, kí ni wọ́n jí gan-an? Iná tín-ín-rín tó ń tàn sára awọ ti wà tipẹ́. Ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ yẹn padà náà ti wà tipẹ́. Ọmọ Japan kan tó ń jẹ́ Takuo Aoyagi ló ti ronú kan bí wọ́n ṣe lè fi ìmọ́lẹ̀ mọ iye ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí 1974. Aago ọwọ́ sì rèé, bàbá àgbà wa wọ̀ ọ́ ká ìlú. Báwo wá ni Masimo ṣe máa dìde pé òun lòun ni àpapọ̀ gbogbo ẹ̀?

Mo ka ọ̀pọ̀ nǹkan táwọn èèyàn ń sọ nígbà yẹn, àwọn kan ní ìrẹ́jẹ ni, àwọn kan ní olè ni Apple, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí àwọn lọ́yà ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì yìí. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé: tí èèyàn bá kó nǹkan àtijọ́ méjì mẹ́ta jọ, ìgbà wo ni àpapọ̀ yẹn di ọgbọ́n tuntun, ìgbà wo ló sì jẹ́ ohun tí oníṣẹ́ èyíkéyìí ì bá ṣe náà? Ẹjọ́ tó la ọ̀rọ̀ yìí jù lọ kì í ṣe ti aago, ti pẹ́dà ọkọ̀ ni, sẹ́ńsọ̀ kékeré kan (ohun tó ń mọ ibi tí nǹkan wà tàbí bó ṣe rí) ló dá a sílẹ̀, àwọn adájọ́ àgbà Amẹ́ríkà sì dá a ní April 30, 2007. Òun ni mo fẹ́ ká jọ tú palẹ̀.

Kí ni pátẹ́ǹtì, kí sì ni kíléèmù?

Pátẹ́ǹtì ni ìwé tí ìjọba fún ẹni tó ṣe nǹkan tuntun pé fún ìgbà kan, ogún ọdún láti ọjọ́ tó ti mú ìwé wá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣe é, tà á tàbí lò ó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Òun náà á sanwó padà lọ́nà kan, ó gbọ́dọ̀ kọ gbogbo bó ṣe ṣe é sílẹ̀ ní gbangba, kó lè jẹ́ pé tí àkókò ẹ̀ bá pé, gbogbo ayé á lè ṣe é.

Kíléèmù ni ibi tí ìjà máa ń wà. Ẹ rò ó bí ilẹ̀. Pátẹ́ǹtì lè gùn tó ogójì ojú ìwé, kó ya àwòrán, kó sọ ìtàn, ṣùgbọ́n kíléèmù ni àwọn gbólóhùn tó wà lẹ́yìn ìwé tí wọ́n ní nọ́ńbà, àwọn ni pèrègún tí wọ́n gbìn sí ààlà. Ohun tó bá wà nínú pèrègún, tìẹ ni. Ohun tó bá wà níta, ti gbogbo ayé ni. Nítorí náà tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fagi lé pátẹ́ǹtì lágbájá, ẹ béèrè pé kíléèmù wo, torí ìwé kan náà lè ní kíléèmù ogún, kí mẹ́ta ṣubú kí mẹ́tàdínlógún dúró.

Pé ó jẹ́ tuntun nìkan ò tó

Ibi tó ń ru ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rèé. Wọ́n rò pé tí kò bá ti sí ẹni tó ṣe irú ẹ̀ rí, ó parí. Rárá o. Òfin béèrè ohun méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àkọ́kọ́, ṣé ó jẹ́ tuntun, ìyẹn ni pé ṣé kò sí nǹkan kan ṣoṣo tó ti ní gbogbo ẹ̀ pé tẹ́lẹ̀. Èkejì, tó bá tiẹ̀ jẹ́ tuntun, ṣé kì í ṣe ohun tó ti hàn gbangba sí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn?

Ẹ wo ẹni tó so agboòrùn ńlá mọ́ ọ̀kadà. Ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe é, tuntun ni, kò sí ọ̀kadà alágboòrùn kan ṣáájú ẹ̀. Ṣùgbọ́n agboòrùn ń dí oòrùn bó ṣe ń dí i tẹ́lẹ̀, ọ̀kadà ń sáré bó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀, kò sí èyí tí ìkejì yí padà nínú wọn, ọlọ́kadà tí oòrùn bá sì ti ń pa lórí á ronú kàn án lọ́jọ́ kan. Kóòtù àgbà Amẹ́ríkà dá irú ẹ̀ ní 1969, àwọn kan gbé ẹ̀rọ tó ń mú kí ọ̀dà gbóná sórí ẹ̀rọ tó ń tẹ́ ọ̀dà sójú títì, wọ́n fẹ́ gba ẹ̀tọ́ lé e, kóòtù ní ẹ̀rọ kálukú ń ṣe iṣẹ́ tiẹ̀ ni, kò sí nǹkan tuntun tó ti ibẹ̀ jáde.

Èrò yìí kì í ṣe ti àná. Láti 1851 ni kóòtù yẹn ti ń sọ ọ́, nínú ẹjọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n fi amọ̀ ṣe dípò igi tàbí irin, wọ́n ní ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ gidi máa ṣe láìjẹ́ pé ó ní ọgbọ́n àrà kankan, ìyẹn ò tó. Wọ́n wá kọ ọ́ sínú òfin ní 1952. Ẹni tí òfin ń wò ni ẹni tí mo máa pè ní oníṣẹ́ àárín, kì í ṣe ògbóǹtarìgì, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ níwọ̀n tó yẹ, tó sì mọ gbogbo ohun táwọn tó ṣáájú ẹ̀ ti ṣe.

Ọ̀rọ̀ pẹ́dà àti sẹ́ńsọ̀

Ẹ jẹ́ ká wọ inú mọ́tò. Láyé ọjọ́un, tẹ́ ẹ bá tẹ asẹlerétọ̀, wáyà irin kan ló máa fa ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tó wà lára ẹ́ńjìnì ṣí, bẹ́ ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ tó ló ṣe máa ṣí tó. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wọ inú ọkọ̀, èyí tí àwọn réwáyà ń pè ní bíréènì bọ́kìsì, wáyà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò díẹ̀díẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ló rọ́pò ẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ yẹn ń wo ibi tí pẹ́dà wà, ó ń fi iná mànàmáná sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹsẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ dé ibi báyìí, kọ̀ǹpútà á wá ṣí afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì.

Nǹkan kejì tó ń lọ lọ́tọ̀ ni pé èèyàn ò ga bákan náà. Ẹni kúkurú máa ń fa àga sún mọ́ iwájú kí ẹsẹ̀ ẹ̀ lè dé pẹ́dà. Àwọn ẹnjiníà wá ṣe pẹ́dà tó ṣeé fà síwájú sẹ́yìn.

Ọ̀gbẹ́ni Engelgau wá gba pátẹ́ǹtì ní 2001. Kíléèmù kẹrin inú ẹ̀ ni gbogbo ìjà dá lé. Tá a bá bó èdè lọ́yà kúrò lára ẹ̀, ohun tó sọ kò ju èyí lọ: pẹ́dà tó ṣeé fà síwájú sẹ́yìn, tó ní ojú ìyípo tí kì í kúrò níbi tó wà bó ti wù kí wọ́n fa pẹ́dà (ojú ìyípo ni ibi tí pẹ́dà fi ń lọ sókè sódò bí híǹjì ilẹ̀kùn), kí wọ́n wá de sẹ́ńsọ̀ mọ́ ibi tí kì í yẹ̀ yẹn. Ó parí.

Ilé iṣẹ́ Teleflex ló ní ẹ̀tọ́ sí pátẹ́ǹtì yìí. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ KSR, ará Kánádà, ń ṣe pẹ́dà tó ṣeé fà fún Ford, oníwáyà nìyẹn. Nígbà tí General Motors ní kí wọ́n ṣe tiwọn tó máa bá ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà lọ, KSR mú pẹ́dà tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ kún un. Teleflex ní ẹ ti wọ ilẹ̀ wa, ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2002. KSR fèsì pé ilẹ̀ yẹn gan-an ò yẹ kó jẹ́ tẹnikẹ́ni.

Kí ló ti wà nílẹ̀ kí Engelgau tó dé?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí tẹ́ ẹ bá ti rí bí àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe tò tẹ̀ léra wọn, ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ dá ẹjọ́ yẹn fúnra yín.

Pátẹ́ǹtì Asano ti wà. Pẹ́dà tó ṣeé fà ni, ojú ìyípo ẹ̀ ò sì ń kúrò níbi tó wà. Ohun tí Asano torí ẹ̀ ṣe é ni kí agbára tí ẹsẹ̀ máa fi tẹ pẹ́dà má yí padà bí wọ́n bá fà á, kò sọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ rárá.

Pátẹ́ǹtì mìíràn ti wà tó sọ pé ara pẹ́dà ló dáa kí sẹ́ńsọ̀ ti máa wo ìṣípòpadà, kì í ṣe nínú ẹ́ńjìnì lọ́hùn-ún. Pátẹ́ǹtì Rixon ti wà, pẹ́dà tó ṣeé fà, tó sì ní sẹ́ńsọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ gan-an ló gbé sẹ́ńsọ̀ sí, nítorí náà gbogbo ìgbà tí pẹ́dà bá lọ tó bọ̀ ni wáyà sẹ́ńsọ̀ náà ń lọ tó ń bọ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ wáyà tó ń ha. Réwáyà èyíkéyìí tó bá ń kà mí báyìí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, wáyà tó bá ń ha lára irin lójoojúmọ́, ọjọ́ tó máa já ló kù.

Pátẹ́ǹtì Smith náà ti wà, òun ló sì sọ oògùn ẹ̀: ẹ má gbé sẹ́ńsọ̀ síbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, torí wáyà á ha, ìdọ̀tí á kó sí i, ẹ gbé e sára ibi tí kì í mira. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọkọ̀ Chevrolet ti 1994 ti ń lo sẹ́ńsọ̀ tó dá dúró, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ pẹ́dà, tó sì ń bá ọ̀pá ojú ìyípo yí.

Ẹ wá fi ara yín sípò ẹnjiníà pẹ́dà ní nǹkan bí 1998. Gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló ń lọ síbi kọ̀ǹpútà. Pẹ́dà Asano wà lọ́wọ́ yín, ẹ fẹ́ fi sẹ́ńsọ̀ sí i. Ibo lẹ máa gbé e sí? Inú ẹ́ńjìnì kọ́, ẹnìkan ti sọ pé ara pẹ́dà ló dáa. Ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kọ́, Rixon ti jẹ́ ká fi ojú wa rí wáyà tó ń ha. Ibi tí kì í mira ni, Smith ti sọ bẹ́ẹ̀. Lára pẹ́dà Asano, ibo ni kì í mira tó sì tún rọrùn láti mọ ibi tí pẹ́dà wà? Ojú ìyípo.

Kí ló dé tí àwọn kóòtù ò fi gbọ́ra wọn yé?

Kóòtù àkọ́kọ́, ní Michigan, rí i bá a ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i yìí, ní 2003 ó ní ó hàn gbangba. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó ń gbọ́ ẹjọ́ pátẹ́ǹtì yí i padà ní 2005. Ohun tí kóòtù kejì yìí rọ̀ mọ́ ni òfin kan tí wọ́n fúnra wọn gbé kalẹ̀ pé kó tó lè jẹ́ pé àpapọ̀ hàn gbangba, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn wá pé ohun kan wà tó kọ́ni, tó dábàá tàbí tó ti èèyàn láti da àwọn nǹkan yìí pọ̀. Òfin yẹn ní ọgbọ́n nínú, mi ò ní sọ pé kò ní. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wá ń lò ó, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tó ń sọ pé ẹ mú ìwé wá níbi tí wọ́n ti kọ ọ́.

Ìwé wo ló kọ ọ́ pé kéèyàn fi àkàrà sáàárín búrẹ́dì? Kò sí. Ẹni tí ebi ń pa, tí búrẹ́dì wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí ìyá alákàrà sì ń dín in níwájú ẹ̀, kò nílò ìwé.

Kóòtù yẹn tún ní torí ìṣòro mìíràn ni Asano fi ṣe pẹ́dà tiẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń wá ọ̀nà láti gbé sẹ́ńsọ̀ sí pẹ́dà ò ní wo ọ̀dọ̀ Asano. Èyí ló bí mi nínú jù nígbà tí mo kà á. Ẹ lọ sọ́jà, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì fún yín, dérícà ni, agolo tòmátì. Ṣé torí ìrẹsì ni ẹni tó ṣe agolo yẹn fi ṣe é? Àwọn ìyá ọlọ́jà ò bi ara wọn pé kí ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe nǹkan yìí, ohun tó lè ṣe fún wọn ni wọ́n wò.

Ohun tí kóòtù àgbà wá sọ

Àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò sójú kan. Adájọ́ Anthony Kennedy ló kọ ìdájọ́ náà. Ó ní nǹkan tí a mọ̀ dáadáa lè wúlò fún ohun mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é, àti pé oníṣẹ́ àárín lè to ohun tí ọ̀pọ̀ pátẹ́ǹtì kọ́ ọ pọ̀ bí ẹni ń to àwòrán tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́. Ó ní oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ níwọ̀n náà ní ọgbọ́n orí níwọ̀n, kì í ṣe ẹ̀rọ tí kò lè ronú. Tí ìṣòro kan bá wà tí gbogbo ọjà ń wá ojútùú ẹ̀, tí àwọn ọ̀nà tó ṣeé gbà ò sì pọ̀, tí oníṣẹ́ gbìyànjú wọn tí ọ̀kan ṣiṣẹ́ bó ṣe rò pé ó máa ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ lásán, kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Bí kíléèmù kẹrin ṣe ṣubú nìyẹn.

Ohun kan wà nínú ìtàn yẹn tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ. Ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì ti kọ́kọ́ kọ kíléèmù kan tó fẹ̀ ju ti kẹrin lọ, wọ́n ní pátẹ́ǹtì méjì kan tí wọ́n ti rí, tá a bá pa wọ́n pọ̀, wọ́n ti sọ ọ́ tán. Ojú ìyípo tí kì í yẹ̀ tó wà nínú kíléèmù kẹrin ló jẹ́ kí wọ́n gba tiẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹ́dà Asano tó ní ojú ìyípo tí kì í yẹ̀ yẹn, kò sí níwájú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà pé èèyàn ní ìwé pátẹ́ǹtì lọ́wọ́ kò sọ pé ẹnikẹ́ni ti fi ohun tó wà nílẹ̀ wé e tán.

Ṣé gbogbo àpapọ̀ ló wá hàn gbangba ni?

Rárá, ibi tí ọ̀pọ̀ sì ti ṣì í gbọ́ nìyí. Kennedy fúnra ẹ̀ sọ pé èèyàn ò lè kàn tọ́ka pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti wà, kó wá sọ pé àpapọ̀ ti hàn gbangba, torí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan tuntun láyé yìí tí kì í ṣe ohun àtijọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Ẹ wo ọṣẹ dúdú. Eérú ń dọ̀tí aṣọ. Àdín ń ṣe aṣọ ní àbàwọ́n. Ẹni tí kò tíì rí ọṣẹ rí láyé ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé eérú àti àdín síwájú ẹ̀ tẹ́ ẹ ní kó fi wẹ aṣọ funfun, á ní ẹ fẹ́ ba òun láṣọ jẹ́ ni. Síbẹ̀ tí wọ́n bá ro omi eérú, tí wọ́n sè é pọ̀ mọ́ àdín, ohun tó jáde kì í ṣe eérú, kì í ṣe àdín, ohun tó ń fọ ìdọ̀tí ni. Àpapọ̀ tó bí ohun tí kò sí nínú ìkankan nínú wọn nìyẹn, kò sì jọ agboòrùn orí ọ̀kadà rárá.

Kóòtù kan náà dá ẹjọ́ tó dà bẹ́ẹ̀ ní 1966. Adams ló ṣe bátìrì kan, magnesium ló fi ṣe apá kan, cuprous chloride ló fi ṣe apá kejì, tí wọ́n bá da omi sí i ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì ti wà nínú ìwé tipẹ́. Ṣùgbọ́n ohun táwọn onímọ̀ mọ̀ nígbà yẹn ń lé èèyàn sá fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìjọba tó kọ́kọ́ wò ó ò gbà pé ó lè ṣiṣẹ́, ìgbà tó yá ìjọba fúnra ẹ̀ ń lò ó. Kóòtù ní pátẹ́ǹtì ẹ̀ dúró gbọin.

Tó bá wá jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀, ohun tí mo máa ń wá rèé: ṣé àwọn tó ṣáájú ti kìlọ̀ pé kò ní ṣiṣẹ́? Ṣé ó yọrí sí ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí? Ṣé ó pẹ́ táwọn èèyàn ti ń wá a tí wọn ò rí i, táwọn mìíràn gbìyànjú tí wọ́n kùnà? Ti Engelgau ò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí, kò sí ẹni tó sọ pé sẹ́ńsọ̀ ò lè ṣiṣẹ́ ní ojú ìyípo, Chevrolet ti ń ṣe irú ẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀: àlọ́ tí wọ́n ti já

Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Ọmọdé tí kò gbọ́ ọ rí á ronú títí. Tẹ́ ẹ bá ti sọ fún un pé ọmọrogùn inú ìkòkò ni, kíá á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni adájọ́ ṣe wà. Ó ti rí pẹ́dà tó parí kó tó ka pátẹ́ǹtì àwọn tó ṣáájú, ojú ẹ̀ á sì máa lọ tààrà síbi tí ìdáhùn wà. Kennedy mẹ́nu ba ewu yìí, ó ní kí àwọn adájọ́ ṣọ́ra fún un, ṣùgbọ́n kí wọ́n má torí ẹ̀ gbé òfin tó le gan-gan kalẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n lo làákàyè.

Èmi gbà pé ìdájọ́ pẹ́dà yẹn tọ́, mo gbà á tọkàntọkàn. Síbẹ̀ ẹ̀rù ewu yìí ń bà mí fún ẹni kékeré tó fi ọdún mẹ́ta wá ibi tó yẹ kí sẹ́ńsọ̀ kan wà, tó wá rí i, tí ilé iṣẹ́ ńlá kan máa kó pátẹ́ǹtì mẹ́rin jọ lọ́jọ́ kan pé, ẹ ò rí i, ó hàn gbangba. Ìdí nìyẹn tó fi ṣe pàtàkì pé kóòtù ṣì ń béèrè pé ẹ sọ ìdí tí oníṣẹ́ fi máa da mẹ́rin yìí pọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ ní kedere, ẹ má kàn tò wọ́n sílẹ̀ fún wa.

Ká wá padà sí aago

Nínú ìjà Apple àti Masimo, méjèèjì ló ṣẹlẹ̀: àwọn kíléèmù kan ṣubú, àwọn kan dúró. Ìgbìmọ̀ tó ń tún pátẹ́ǹtì yẹ̀ wò fagi lé ọ̀pọ̀ kíléèmù nínú àwọn pátẹ́ǹtì Masimo kan tó sọ̀rọ̀ nípa ìdérí sẹ́ńsọ̀ tó yọ gọ̀ǹgọ̀ síta, torí ẹnìkan ti ní sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ tẹ́lẹ̀, ẹlòmíràn sì ti kọ́ni pé ojú tó yọ gọ̀ǹgọ̀ kì í jẹ́ kó yọ̀ lára awọ. Ìdí láti da wọ́n pọ̀ wà nílẹ̀, ìyẹn ni kí sẹ́ńsọ̀ má bàa máa yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kíléèmù mìíràn, nínú pátẹ́ǹtì mìíràn, dúró níwájú àjọ tó ń rí sí ọjà tó ń wọ Amẹ́ríkà ní October 2023, àwọn yẹn ló dí ọ̀nà fún aago. Apple wá pa iṣẹ́ ọ́síjìn náà lára àwọn aago tó ń tà ní Amẹ́ríkà láti January 2024, ó tó August 2025 kó tó dá a padà lọ́nà mìíràn tó jẹ́ pé fóònù ló ń ṣe ìṣirò ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń ṣe nǹkan ní Nàìjíríà ńkọ́? Òfin pátẹ́ǹtì tiwa náà béèrè irú ohun kan náà, ó ní ohun tuntun náà ò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó hàn gbangba láti ara ohun tó ti wà nílẹ̀, ó sì dárúkọ àpapọ̀ ọ̀nà ìṣe ní tààrà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọ́fíìsì wa kì í yẹ ìyẹn wò kí wọ́n tó fún èèyàn níwèé, òfin sọ pé ewu ẹni tó gbà á ni, ìjọba ò fọwọ́ sọ̀yà pé ó dúró. Nítorí náà tẹ́nì kan bá gbé ìwé pátẹ́ǹtì Nàìjíríà síwájú yín pé òun lòun ni sẹ́ńsọ̀ omi inú táǹkì tó ń pa ẹ̀rọ omi fúnra ẹ̀, ẹ má sáré bẹ̀rù. Ẹ ka kíléèmù ẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ omi láti ṣáájú ọjọ́ yẹn pé kí ni wọ́n ń lò nígbà náà.